Géèmù 800 ó lé nínú ilé, èyí tí mo ń wá ni mi ò rí

Ọmọ Ìgbógbó Road, Ìkòròdú:

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á tán kí ẹ tó máa fi mí rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi méjèèjì wá kí mi láti Agric. Wọ́n ti dàgbà báyìí, ọ̀kan ti ń wa mọ́tò ara rẹ̀. Wọn ò tíì jókòó dáadáa tí èyí ẹ̀gbọ́n fi ní, "Bọ̀dá, ẹ gbé bọ́ọ̀lù yẹn jáde, èyí tí ẹ fi máa ń fìyà jẹ wá nígbà tí ẹ ṣì ní ṣọ́ọ̀bù. Èyí tí Henry àti Terry wà níwájú ẹ̀." Mo ní kò sí wàhálà. Mo mọ̀ pé mo ní in. Mo gbé láptọ́ọ̀pù ka orí tábìlì, mo so hard disk àkọ́kọ́ mọ́ ọn. Kò sí níbẹ̀. Mo so ìkejì. Mo rí fóldà kan tó ń jẹ́ "Geemu". Mo ṣí i, mo bá "Geemu tuntun" nínú rẹ̀. Nínú ìyẹn, "Geemu tuntun 2". Nínú ìyẹn, "Eyi to daa". Mo ṣí "Eyi to daa", fọ́tò ìsìnkú bàbá ìyàwó mi ló kún ibẹ̀.

Kí n tó rí ohun tí mo ń wá, ó ti lé ní wákàtí kan. Hard disk kẹta ló wà, orúkọ tí mo fún fáìlì náà ni "we9 final final". Bí mo ṣe ní kí n ṣí i báyìí ni iná lọ, bátìrì láptọ́ọ̀pù sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Mo gbójú sókè. Àwọn ọmọ ti gbé páàdì sílẹ̀ lórí àga, wọ́n ń jẹ àgbàdo sísè, olúkúlùkù ti dojú kọ fóònù rẹ̀. Ojú tì mí, ká má parọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ẹrù yìí ṣe pọ̀ tó. Láti 2008 títí di 2014, mo ní ilé géèmù ní Ìgbógbó Road: tẹlifíṣọ̀n mẹ́rin, PS2 mẹ́rin, jẹnẹrétọ̀ kékeré kan tó ń pariwo ju àwọn oníbàárà lọ. Náírà 20 ni eré kan, ẹni tí wọ́n bá nà ló ń sanwó. Nígbà tí fóònù gba ọjà lọ́wọ́ wa, mo ta àwọn tẹlifíṣọ̀n, mo ta PS2 mẹ́ta, mo kó CD sínú páálí. Àsìkò kónílé-ó-gbélé ní 2020 ni mo wá jókòó tì wọ́n, tí mo ń dà wọ́n sínú kọ̀ǹpútà lọ́kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó bàjẹ́ tán. Ìyẹn jẹ́ 187. Àsìkò yẹn náà ni mo ṣí àkáǹtì Epic, ilé ìtajà géèmù orí íntánẹ́ẹ̀tì. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń pín géèmù ọ̀fẹ́, èmi náà sì ń gbà á bí ẹni tó tò fún ìrẹsì. Ó ti di 268, mi ò tíì ṣí ogún nínú wọn. Irú ilé ìtajà bẹ́ẹ̀ náà ni Steam àti GOG: Steam jẹ́ 312, GOG jẹ́ 46. Ẹ bá mi rò ó pọ̀: 813.

Èyí tó dùn mí jù ni ti GTA V. Epic pín in lọ́fẹ̀ẹ́ ní oṣù Karùn-ún 2020, mo gbà á. Ní 2022, Steam dín owó rẹ̀ kù, mo wá dọ́là kiri, mo rà á. Mi ò rántí rárá pé mo ti ní in. Oṣù méjì lẹ́yìn náà ni mo ṣí Epic, mo rí i tó jókòó síbẹ̀ tó ń wò mí.

Ìbéèrè mi rèé. Ṣé nǹkan kan wà tí mo lè fi rí gbogbo ẹ̀ lójú kan? Báwo ni kí n sì ṣe to ti PS2, tí mi ò ní máa wá fáìlì kiri bí ẹni tí ewúrẹ́ rẹ̀ sọnù? Láptọ́ọ̀pù mi ò gbà ju 512GB lọ, dátà sì ti gbówó lórí, nítorí náà ẹ má sọ pé kí n dáńlóòdù gbogbo ẹ̀. Ìyàwó mi ní kí n pa ìdajì rẹ́. Mi ò tíì dá a lóhùn.


Ìyá Ìbejì Oníkọ̀ǹpútà, Ẹ̀pẹ́:

Ẹ kú wàhálà o, bọ̀dá. Ti fọ́tò ìsìnkú yẹn pa mí lẹ́rìn-ín, ẹ má bínú.

Playnite ni kí ẹ lò. Ọ̀fẹ́ ni, orí Windows ló ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ ó so àkáǹtì Steam, Epic àti GOG yín mọ́ ọn, òun fúnra rẹ̀ á lọ kó orúkọ gbogbo géèmù wá, á tò wọ́n sójú kan pẹ̀lú àwòrán. Kì í dáńlóòdù géèmù kankan o, orúkọ àti àwòrán ló ń kó, ẹ má jẹ́ kí àyà yín já nítorí dátà. Èyí tí ẹ bá fẹ́ fi ṣeré, ibẹ̀ lẹ ti máa tẹ̀ ẹ́, á sì lọ ṣí i nílé tó ti wá. Ti PS2 náà á wọ ibẹ̀: ẹ fi fóldà ISO hàn án, ìyẹn àwọn fáìlì tí ẹ da CD sí, ẹ sọ fún un pé PCSX2, ètò tó ń jẹ́ kí géèmù PS2 ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà, ni kó máa fi ṣí wọn. Steam náà ní ibi tí ẹ lè pín géèmù sí ọ̀wọ́ ọ̀wọ́, Collections ni wọ́n ń pè é, ṣùgbọ́n òun ò mọ ohun tó wà nílé Epic. Nínú Playnite, GTA V méjèèjì á dúró ti ara wọn, ẹ ò ní rà á nígbà kẹta.

Àmọ́ ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í nìyí. Playnite á bá yín kó ẹ̀yà géèmù wá láti orí íntánẹ́ẹ̀tì: Action, Adventure, Indie. Mo lò ó fún oṣù mẹ́fà, kò wúlò fún mi. Èwo ni kì í ṣe Action nínú wọn? Kò sí ẹni tó délé láti ọjà tó sọ fún ara rẹ̀ pé Adventure ló ń wu òun. Ohun tó wà lọ́kàn èèyàn ni pé àlejò wá, tàbí iná ti lọ, tàbí àwọn ọmọ ti sùn. Mo pa gbogbo ẹ̀yà wọ̀nyẹn rẹ́, mo kọ tèmi. "Àlejò dé" ni àwọn tí èèyàn méjì lè jọ fi ṣeré lórí ẹ̀rọ kan. "Iná ò sí" ni àwọn kéékèèké tí kì í jẹ́ kí fáànù láptọ́ọ̀pù ké, tí bátìrì á lè gbé fún bí wákàtí mẹ́ta. "Ìbejì ti sùn" ni àwọn tí ìbọn àti ẹ̀jẹ̀ pọ̀ nínú wọn. "Dátà ò sí" ni àwọn tí kì í béèrè íntánẹ́ẹ̀tì kó tó ṣí. Ẹ má fojú kéré ìyẹn o, torí àwọn kan wà tí ẹ máa fi owó yín rà, tí wọ́n á ní àwọn ò mọ̀ yín rí bí íntánẹ́ẹ̀tì ò bá sí.

Géèmù kan lè ní àmì méjì tàbí mẹ́ta. Èyí tí mi ò bá mọ ibi tí mo máa fi sí, mi ò da ara mi láàmú, mo fi pamọ́. Playnite ní ibi tí ẹ ti lè fi géèmù pamọ́ tí kò ní máa hàn mọ́. Mo ní géèmù tó lé ní 500, 74 péré ló ní àmì. Àwọn 74 yẹn ni mo ń fi ṣeré, ìyókù ń sùn.

Ẹ má fi gbogbo ẹ̀ ṣe iṣẹ́ ọjọ́ kan. Mẹ́wàá lálẹ́, bí iná bá wà. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.


Bàbá Ẹ̀bùté, Ìkòròdú:

Àbúrò mi, ohun tí Ìyá Ìbejì sọ dáa, ṣùgbọ́n jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ilẹ̀ tí ẹrù wà ká tó máa tò ó.

Hard disk mẹ́ta lo ní, mo sì lè búra pé kò sí ohun tí o kọ sára ìkankan. Lọ ra pílásítà funfun ní kẹ́mísìtì, lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn, fi máàkà kọ orúkọ sí i. Orúkọ yẹn gan-an ni kí o tún fún un nínú kọ̀ǹpútà, kí ti ìta àti ti inú má bàa yàtọ̀. Lẹ́yìn náà, fi CrystalDiskInfo wò wọ́n, ètò tó ń sọ bí ara hard disk ṣe le tó. Tó bá kọ Good, kò burú. Tó bá kọ Caution, kó ẹrù rẹ kúrò níbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà, má dúró de ọ̀la. Tèmi ń dún kẹ́ẹ́, kẹ́ẹ́, kẹ́ẹ́, bí aago ògiri tí bátìrì rẹ̀ ń lọ sílẹ̀. Mo ní ooru ló ń mú un. Mo gbé e síwájú fáànù! Ọjọ́ kẹrin ló kú. Gbogbo ibi tí mo ti dé nínú géèmù láti 2011 bá a lọ.

Bó o bá fẹ́ ra òmíràn, má ra flash 2TB olówó pọ́ọ́kú. Mo ra ọ̀kan lọ́wọ́ ẹnì kan tó ń kiri nínú gòsíló. Kọ̀ǹpútà ní 2TB ni lóòótọ́. Mo ń da géèmù lé e, ó ń gbà, ó ń gbà, inú mi ń dùn. Nígbà tí mo padà wá ṣí wọn, orúkọ fáìlì pé síbẹ̀, kò sí nǹkan nínú wọn. H2testw, ètò tó ń dán irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wò, ló wá sọ òótọ́ fún mi: 32GB ni. Láti ọjọ́ náà, kò sí èyí tó wọ ilé mi tí mi ò fi H2testw dán wò kí n tó gbé ohunkóhun lé e. Ó lè gbà ọ́ ní ọjọ́ kan gbáko, fi í sílẹ̀ kó máa ṣe é.

Ohun kan tún wà. Bí hard disk rẹ bá ṣì wà ní FAT32, ọ̀nà àtijọ́ tí ẹ̀rọ fi ń to fáìlì sórí rẹ̀, kò ní gba fáìlì tó bá tó 4GB, bẹ́ẹ̀ DVD PS2 kan lè tó 4.7GB. exFAT ni kí o sọ ọ́ dà, ṣùgbọ́n kó ẹrù rẹ síbòmíràn ná, torí ẹ̀rọ á nu gbogbo ohun tó wà lórí rẹ̀ nù kó tó ṣe é. Bó o bá sì fẹ́ àyè, chdman lè fún ISO pọ̀ di CHD, PCSX2 á sì kà á bẹ́ẹ̀ láì jẹ́ pé o tú u. Àwọn kan nínú tèmi wálẹ̀ dé ìdajì, àwọn kan ò kúrò lójú kan.

Tó o bá ṣe gbogbo ìyẹn tán, kọ ọ́ sínú ìwé. Ìwé gidi tí a fi bírò kọ. Bí iná bá lọ, ìwé ò lọ.


Ọmọ Ìjẹ̀dẹ̀:

Ẹ̀gbọ́n, mo mọ ìdí tí ẹ ò fi tètè rí bọ́ọ̀lù yẹn. Èyí tí wọ́n ń pè ní Pro Evolution Soccer 5 ní Yúróòpù náà ni Winning Eleven 9 ní Japan àti Amẹ́ríkà. Henry àti Terry, ti Yúróòpù nìyẹn. Ìwé iwájú CD tí ẹ rà jẹ́ ti Yúróòpù, ohun tó wà nínú ẹ̀ jẹ́ ti ibòmíràn. Ẹ̀yin náà mọ irú CD tí à ń rà nígbà yẹn, kò yẹ kó yà yín lẹ́nu.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti wá, ẹ wo nọ́ńbà tí PCSX2 máa fi hàn yín lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ̀. Èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú SLES, Yúróòpù. SLUS, Amẹ́ríkà. SLPM tàbí SLPS, Japan. Ẹ wá fún gbogbo fáìlì ní orúkọ lọ́nà kan náà: orúkọ géèmù, ibi tó ti wá, nọ́ńbà rẹ̀. "Final" kì í ṣe orúkọ, ẹ yọ ọ́. Nígbà tó bá ti wọ Playnite, ẹ fi orúkọ tí àwọn oníbàárà yín ń pè é kún un, "Henry àti Terry", torí ohun tí àwọn ọmọ yẹn máa béèrè nìyẹn. Kò sí ọmọ tó máa wọlé wá béèrè SLPM.

Ní ti pé kí ẹ pa ìdajì rẹ́, ẹ bá mi sọ fún ìyàwó yín pé ti Epic àti Steam ò gbàyè kankan nílé. Orúkọ ni wọ́n. Èyí tí ẹ bá yọ kúrò lórí láptọ́ọ̀pù ṣì wà ní àkáǹtì yín. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni òdìkejì ẹ̀, pé àwọn tó ni ín lè gbé e lọ. The Crew, géèmù mọ́tò, Ubisoft pa sáfà rẹ̀ ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹta 2024, ẹni tó rà á àti ẹni tí kò rà á wá di ọgbọọgba. Ní 2023 tí EA fi orúkọ FIFA sílẹ̀ tí wọ́n di EA Sports FC, wọ́n yọ àwọn FIFA àtijọ́ kúrò lórí àtẹ. Ẹni tó ti rà á ṣì lè dáńlóòdù ẹ̀, ẹni tí kò tíì rà á, ó ti bọ́. Àkáǹtì Steam gan-an, àdéhùn tí gbogbo wa tẹ̀ láì kà sọ pé a ò lè fi í lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Ẹ má fi 312 yẹn ṣe ogún fún ọmọ o.

Nínú 813 yín, 46 ti GOG yẹn ló jẹ́ tiyín jù. Wọn kì í ti kọ́kọ́rọ́ mọ́ ọn. Ẹ lè dáńlóòdù fáìlì tí ẹ máa fi gbé e sórí ẹ̀rọ, kí ẹ tọ́jú rẹ̀ sórí hard disk, kí ẹ sì lò ó láì tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Bí ẹ bá rí Wi-Fi ọ̀fẹ́ níbì kan, iṣẹ́ yẹn ni kí ẹ fi ṣe.

Ìwé àti bírò ti Bàbá Ẹ̀bùté, mo bọ̀wọ̀ fún un, ṣùgbọ́n Excel náà wà.


Bàbá Ẹ̀bùté, Ìkòròdú:

Excel wà. Iná ńkọ́?


Ọmọ Ìgbógbó Road, Ìkòròdú:

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gan-an. Mo ní kí n wá jábọ̀.

Hard disk mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti ní orúkọ lára, orúkọ àdúgbò Ìkòròdú níbí ni mo fún wọn: Ṣábọ̀, Agric, Ẹ̀bùté. Ṣábọ̀ ni mo kó PS2 sí, torí èrò ló pọ̀ níbẹ̀. Agric ni ti GOG, mo ti dáńlóòdù 19 nínú 46. Ẹ̀bùté ni CrystalDiskInfo kọ Caution sí. Bàbá, ẹ má bínú, mo ti kọ orúkọ yẹn sí i kí n tó yẹ̀ ẹ́ wò. Mo ti kó ẹrù kúrò lórí rẹ̀, àwọn fíìmù tí mi ò ní sunkún lé lórí nìkan ló kù níbẹ̀. Fọ́tò ìsìnkú ti dé ọwọ́ ìyàwó mi, ó ní láti 2019 lòun ti ń béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ mi. Kò tún sọ ọ̀rọ̀ pípa ìdajì rẹ́ mọ́.

Ẹ tún gbọ́ èyí. PS2 tí mo ní ó jẹ́ 187, irọ́ ni. 146 ni. Mo ti da CD kan náà lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀mẹta, pẹ̀lú orúkọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. WE9 nìkan, ẹ̀ẹ̀marùn-ún: "we9", "we9 real", "winning", "we9 final", àti baba wọn. Bí fáìlì ṣe tóbi tó ni mo kọ́kọ́ fi dá wọn mọ̀. Lẹ́yìn náà mo lo Get-FileHash tó wà nínú PowerShell, ó máa ń fún fáìlì kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà gígùn kan. Bí nọ́ńbà méjì bá bára mu, fáìlì kan náà ni wọ́n. Mẹ́ta bára mu nínú WE9 márùn-ún náà. Méjì tó kù yàtọ̀, ọ̀kan nínú wọn sì máa ń dúró gbagidi bí wọ́n bá fẹ́ gbá pẹnáritì. Mo lọ wo CD nínú páálí, ó ti họ yànmọ̀yànmọ̀. Mo dá àwọn mẹ́ta sí ọ̀kan, mo sì lé àwọn méjì yẹn jáde.

Ìyá Ìbejì, mo jí "Àlejò dé" àti "Iná ò sí" lọ́wọ́ yín. 23 ló wà nínú ti àkọ́kọ́, 31 nínú ìkejì. Mo fi "Ṣọ́ọ̀bù" kún un fún àwọn tí a máa ń fi ṣeré ní Ìgbógbó Road. Mo tún dá ọ̀kan sílẹ̀ tó ń jẹ́ "Kí ni mo fẹ́ fi ṣe?" Ibẹ̀ ni mo da ti Epic tó lé ní 200 sí, mo fi gbogbo wọn pamọ́. Ìwé náà wà, ti PS2 nìkan ni mo kọ sí i. Ó gbà mí ní alẹ́ mẹ́rin, ọwọ́ dùn mí.

Àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tún wá lánàá. Mo tẹ "Henry", ó jáde. Kò tó ìṣẹ́jú kan. Iná tilẹ̀ lọ láàárín eré, bátìrì gbé wa. Èyí àbúrò nà mí 4–1.

Páàdì ló fà á o. Páàdì PS2 àtijọ́ ni, nǹkan kékeré kan ni mo fi so ó mọ́ ojú USB, bí mo bá ti tẹ̀ ẹ́ kó gbá bọ́ọ̀lù sílé, ó máa ń rò ó kó tó gbá a. Ẹni tó bá mọ oògùn rẹ̀, kó jọ̀ọ́.


Ọmọ Ìjẹ̀dẹ̀:

Ẹ̀gbọ́n, irú páàdì wo ni àbúrò yẹn lò?


Ọmọ Ìgbógbó Road, Ìkòròdú:

Irú kan náà ni. Ẹ bá mi wá nǹkan mìíràn.